Mástà kẹ́mísírì ní yunifásítì kékeré: kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?

Ọmọ tó bá ti gba lísáǹsì kẹ́mísírì ní Àjàṣẹ́ tàbí Kétu, ìbéèrè tí ará ilé máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Mástà yìí ńkọ́, ọdún mélòó ni?" Ọdún méjì ni. Ètò LMD tí Bẹ̀nẹ̀ ń lò pín ìwé yunifásítì sí mẹ́ta: lísáǹsì ọdún mẹ́ta, mástà ọdún méjì, lẹ́yìn náà dókítọrà. Ṣùgbọ́n kírẹ́dì ni wọ́n fi ń kà á. Ìjókòó ní kíláàsì, iṣẹ́ láàbù, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dá kà nílé, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú kírẹ́dì. Sẹ̀mẹ́sítà kan jẹ́ 30, mástà jẹ́ 120.

Nínú 120 yẹn, ibi tí mástà ti ń di mástà ni apá ìgbẹ̀yìn, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ láàbù lọ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, tó kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní mémoire, tó sì dáhùn ìbéèrè àwọn olùkọ́ lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti yẹ yunifásítì wò. Bí ọgbà rẹ̀ ṣe tóbi tó, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nìyẹn.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ewé tí àwọn ìyá wa fi ń wo ibà. Á rẹ ewé náà sínú ẹtanólù, á sẹ́ ẹ, á ya èròjà inú rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàbù kékeré lè ṣe ìyẹn. Ìgbà tó bá fẹ́ mọ bí àwọn átọ́ọ̀mù èròjà kan ṣe so mọ́ra ni wàhálà dé. Ẹ̀rọ RMN, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní NMR, ló máa ń sọ ìyẹn. Nínú àwọn ńlá rẹ̀, inú hílíọ́mù olómi tó tutù dé nǹkan bí -269°C ni mágínẹ́ẹ̀tì ń gbé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa bù ú kún un. Bí hílíọ́mù bá tán, agbára mágínẹ́ẹ̀tì lọ nìyẹn. Owó rẹ̀ ju apá ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kékeré lọ, wọ́n á wá fi èròjà ránṣẹ́ sí òkèèrè, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa retí èsì. Báyẹn ni ọdún méjì ṣe ń di mẹ́ta, owó ilé kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tí kò nílò RMN wà, ó sì dára. Epo pupa pọ̀ ní agbègbè Àjàṣẹ́. Bí kíkan epo ṣe ń pọ̀ sí i bó bá pẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì, búrẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn omi) àti omi sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, tí a mọ agbára rẹ̀, tó láti wọ̀n ọ́n. Níbi irú iṣẹ́ yìí, ilé ẹ̀kọ́ kékeré lè dára ju ńlá lọ lójú tèmi: níbi tí èrò bá ti pọ̀ jù, ẹnì kan á di búrẹ́ẹ̀tì mú, àwọn tó kù á máa da nọ́ńbà kọ.

Mástà pín sí ti ìwádìí àti ti iṣẹ́. Mástà ìwádìí ló sún mọ́ dókítọrà jù. Mástà iṣẹ́ a máa parí sí ilé iṣẹ́, ilẹ̀ wa sì ní wọn: símẹ́ǹtì ní Onigbolo, ṣúgà ní Ṣábẹ. Ẹni tó ń se símẹ́ǹtì ní iná tó tó 1450°C kò lè máa méfò ohun tó wà nínú òkúta rẹ̀.

Ẹ tún wádìí bóyá CAMES, ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Madagásíkà lórí ẹ̀kọ́ gíga, mọ ìwé ẹ̀rí náà, pàápàá ti aládàáni. Ní oṣù kìíní 2024, Nàìjíríà dá ìtẹ́wọ́gbà dìgírì láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba tirẹ̀ láàárín oṣù tí kò pé méjì.

Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n mú yín wọ láàbù. Ẹ bi àwọn tó ṣe mástà níbẹ̀ kẹ́yìn léèrè: ta ló tọ́ wọn sọ́nà, ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn lò, oṣù mélòó ni mémoire gbà wọ́n?