Èdè kọ̀ǹpútà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kò lè ba ọpọlọ yín jẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ fi kóòdù kíkọ, ìyẹn kíkọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé, ṣe ìgbafẹ́ kì í pẹ́ kó tó béèrè pé: "Èdè wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?" Ìbéèrè náà kò burú. Ìgbàgbọ́ tó sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ ló burú: pé èdè kan ṣoṣo ló tọ́, pé ẹni tó bá ṣi èdè mú níbẹ̀rẹ̀ ti ba ara rẹ̀ jẹ́ nìyẹn, pé gbogbo oṣù tó bá lò lórí èdè tí kò yẹ ti wọgbó. Mo mọ ìgbàgbọ́ yìí dáadáa, torí ó dè mí mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mò ń ka àfiwé Python àti Java, mò ń wo fídíò àwọn tó ń bú JavaScript, mo tiẹ̀ ní fáìlì kan tí mo kọ àǹfààní àti àléébù èdè mẹ́fà sí. Ní gbogbo àkókò yẹn, n kò tíì kọ ẹyọ ìlà kóòdù kan.

Ọ̀rọ̀ tó le jù tí mo mọ̀ lórí ìgbàgbọ́ yìí, ẹnu àgbà ló ti jáde. Ní ọdún 1975, Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ àròkọ kúkúrú kan tó ti fi ọ̀rọ̀ na ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà bí ẹni na ọmọ aláìgbọ́ràn. Ó ní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí bí èèyàn ṣe lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọ́kọ́ pàdé èdè BASIC ní ojúlówó iṣẹ́ kóòdù, nítorí ọpọlọ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ti COBOL tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní ó yẹ kí wọ́n ka kíkọ́ èèyàn ní èdè náà sí ìwà ọ̀daràn. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún sọ, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn kò fi jẹ́ kó kú. Orúkọ èdè ni wọ́n kàn ń pààrọ̀. Lónìí wọ́n á ní PHP ni, lọ́la wọ́n á ní JavaScript ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo BASIC fúnra rẹ̀. John Kemeny àti Thomas Kurtz ló ṣe é ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1964 ló sì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣe é kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa sáyẹ́ǹsì náà lè lo kọ̀ǹpútà. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà fún lílò nínú ilé ló ní BASIC nínú. Ẹ tan ẹ̀rọ, BASIC ló máa kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Odidi ìran kan ló tibẹ̀ wọ iṣẹ́ kóòdù.

Linus Torvalds wà lára wọn. Ọmọdé ni ní Finland nígbà tó fi BASIC bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà Commodore VIC-20 bàbá ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, BASIC kò tó o mọ́, ó wá ń kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń kà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, ó kéde pé òun ń kọ ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà látòkèdélẹ̀, ó sì tọrọ gáfárà pé ìgbafẹ́ lásán ni, pé kò ní di nǹkan ńlá. Linux nìyẹn. Èdè C ló fi kọ ọ́, orí rẹ̀ sì ni gbogbo fóònù Android dúró lé. Bí BASIC bá ba ọpọlọ ọkùnrin yìí jẹ́, kó jọ̀ọ́ wá ba tèmi náà jẹ́ bẹ́ẹ̀.

N kò fẹ́ ṣe àbòsí sí Dijkstra. Ohun tó ń bí i nínú ní ìdí. BASIC ìgbà yẹn gbára lé GOTO, àṣẹ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó fò láti ìlà kan lọ sí òmíràn. Bí ètò bá ti gùn díẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ gan-an kò ní mọ ibi tí wọ́n gbà dé ìlà tó ń kà mọ́. Láti ọdún 1968 ló ti kọ lẹ́tà tako GOTO, àwọn tó ń ṣe èdè kọ̀ǹpútà sì gbọ́ ọ lẹ́nu. Àmọ́ àṣà tí kò dáa lọ̀tọ̀, ọpọlọ tó bàjẹ́ lọ̀tọ̀. Àṣà ṣeé yí padà, pàápàá nígbà tí èdè tó kàn tí ẹ bá kọ́ kò bá ní GOTO nínú rárá.

Kí ló wá dé tí èdè àkọ́kọ́ kì í fi í di ẹni mọ́lẹ̀? Ní ọdún 1966, Corrado Böhm àti Giuseppe Jacopini, ọmọ Ítálì méjèèjì, fi ìṣirò hàn pé nǹkan mẹ́ta péré tó láti kọ ètò èyíkéyìí: ká ṣe nǹkan ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ká yan ọ̀nà kan nínú méjì gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn bá ṣe rí, ká sì tún nǹkan ṣe léraléra títí tí ohun kan á fi yí padà. Python ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. C ní wọn. JavaScript ní wọn. Scratch tí àwọn ọmọdé fi ń to búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ mèremère lérí ara wọn ní wọn. Ẹni tó bá ti kọ "bí èyí bá jẹ́ òótọ́, ṣe tọ̀hún" nínú Excel rí ti fọwọ́ kan ìkejì láìmọ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ẹ fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ yọ nínú lẹ́tà gígùn kan tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ. Ẹ máa ní kó mú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ṣé ó ti rí i rí? Bó bá ti rí i, kó fi 1 kún iye rẹ̀. Bí kò bá tíì rí i, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fi 1 sí iwájú rẹ̀. Kó bọ́ sórí èyí tó kàn, títí lẹ́tà á fi tán. Ó rọrùn, àbí? Ẹ wá rí i pé ó ka "Ọmọ" àti "ọmọ" sí ọ̀rọ̀ méjì nítorí lẹ́tà ńlá. Ẹ tún ìyẹn ṣe. Ẹ tún rí i pé ó ka "ilé" àti "ilé," sí méjì nítorí kọ́mà. Ẹ tún ìyẹn náà ṣe. Lẹ́yìn náà ni "ẹ́" máa wá dá yín lágara. Lẹ́tà yìí kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ́kọ́ tẹ "ẹ" kó tó gbé àmì ohùn lé e lórí. Òmíràn lè tẹ "é" kó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn kò jọra rárá, ó sì máa kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìtijú.

Èyí tó le nínú iṣẹ́ yìí ni láti mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ àti láti wá a rí. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: nínú Python, normalize ni ẹ máa pè, àṣẹ tó ń sọ ọ̀nà ìkọ méjèèjì di ọ̀kan, nínú JavaScript, normalize kan náà ni. Ẹni tó bá ti fi èdè kan jà mọ́ wàhálà yìí kò tún ní bá a jà nínú èdè kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 0.1 + 0.2. Ẹ bi Python, ẹ bi JavaScript, èsì kan náà ni wọ́n máa fún yín: 0.30000000000000004. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ gbà ń tọ́jú ìdá nọ́ńbà ló fà á, kì í ṣe èdè.

Èdè kejì ní ẹ̀gún tirẹ̀ o, n kò ní parọ́. Nínú C, 7 / 2 jẹ́ 3. Nínú Python òde òní, 3.5 ni. JavaScript á gbà kí ẹ ro "1" tó jẹ́ ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ 1 tó jẹ́ nọ́ńbà, á sì fún yín ní "11". Python kò ní gbà, á kọ àṣìṣe sí yín lójú. Ọ̀pọ̀ èdè bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan láti 0, Lua ní tòun láti 1 ni. Àmì = nínú BASIC ń ṣe iṣẹ́ méjì, ó ń fi iye sínú nǹkan, ó sì ń béèrè bóyá nǹkan méjì dọ́gba. Ẹni tó bá gbé àṣà yẹn dé inú C, tó kọ = níbi tó yẹ kó kọ ==, ètò rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ kó máa fún un ní èsì tí kò nítumọ̀. Ó ń bíni nínú. Àmọ́ bí ẹ bá ti fara gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ojú yín á là sí i.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ra fún èdè àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ C ló sì ti hàn jù. Bí ẹ bá ní nǹkan márùn-ún tò sórí ìlà, tí ẹ wá ní kí C mú ìkẹwàá, kò ní dá yín dúró. Ó lè gbé ìdọ̀tí fún yín, ó sì lè ṣubú lulẹ̀ láìsọ ìdí. Python á sọ irú àṣìṣe tó jẹ́ àti ìlà tó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìdánwò níwájú lè fara dà á. Ẹni tó ń fi ṣe ìgbafẹ́ kò ní nǹkan tó ń lé e ju pé ó ń gbádùn rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ kọ́ ni C máa bà jẹ́, sùúrù rẹ̀ ni.

Torí náà, dípò kí ẹ máa béèrè èdè tó dára jù, ẹ béèrè ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ojú ewé tó ń yí padà bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ nínú buráúsà? JavaScript ni, torí gbogbo buráúsà ló gbọ́ ọ láìfi nǹkan kan kún un. Brendan Eich fi ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1995, ó sì hàn lára rẹ̀. Títo fáìlì, ìṣirò, fífa ọ̀rọ̀ yọ látinú ìwé? Python máa ṣe é wẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ géèmù, ẹ kọ́kọ́ mú irinṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe é: Godot ní èdè tirẹ̀ tó jọ Python, Unity ń lo C#, Roblox sì ń lo èdè tí wọ́n fà yọ lára Lua, èyí tí wọ́n bí ní yunifásítì kan ní Rio de Janeiro ní 1993. Iná tó ń tàn tó ń kú lórí Arduino, pátákó ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn lè kọ àṣẹ fún? C++, àmọ́ ìwọ̀nba rẹ̀ ni. Ipò tí èdè wà nínú àtòjọ àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ kò kàn yín rárá.

Ó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín pé díẹ̀ lára àwọn èdè tí à ń torí wọn jà yìí, ìgbafẹ́ ló bí wọn. Guido van Rossum bẹ̀rẹ̀ Python ní oṣù kejìlá ọdún 1989 kó lè rí nǹkan ṣe nígbà ìsinmi Kérésì. PHP bẹ̀rẹ̀ bí irinṣẹ́ tí Rasmus Lerdorf ṣe fún ojú ewé ara rẹ̀.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ọjọ́ orí ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kà. Bí ẹ bá rí ẹ̀kọ́ Python tó kọ àṣẹ print láìfi àkámọ́ yí ohun tó tẹ̀ lé e ká, Python 2 ni, èyí tí wọ́n ti dẹ́kun àbójútó rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020. Ẹ pa á dé, kó má baà ṣe yín bíi pé ẹ̀yin ni ẹ kò lóye.

Ní tèmi, fọ́tò ló yọ mí. Mo ní wọn lọ́pọ̀ yanturu, orúkọ wọn kò sì nítumọ̀, mo wá fẹ́ kí ọjọ́ tí a yà wọ́n di orúkọ wọn. Mo lo Python torí pé ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà mi tẹ́lẹ̀, kò sí ìdí míì. Ìlà 19 ni, ó sì ṣiṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kẹta. Ohun tí mo gbàgbé ni láti sọ fún un pé fọ́tò nìkan ni kó fọwọ́ kàn. Ó yí orúkọ gbogbo ohun tó bá nínú fódà náà padà, tó fi mọ́ fáìlì tí mo kọ àfiwé èdè mẹ́fà yẹn sí. N kò tíì wá a.