Thanksgiving: Ọjọ́ Ìdúpẹ́ Amẹ́ríkà àti Oúnjẹ Tó Bá A Rìn

Ìdúpẹ́ ni ìtumọ̀ Thanksgiving, àmọ́ kì í ṣe ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tí a mọ̀. Ọjọ́ ìsinmi ìjọba ni ní Amẹ́ríkà, ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá, ìdílé sì ń péjọ sílé láti jẹun. Kánádà ní tiwọn ní Ọjọ́ Ajé kejì oṣù kẹwàá.

Plymouth ní Massachusetts ni wọ́n ń tọ́ka sí pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi Mayflower kó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn débẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1620. Kí òtútù àkọ́kọ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, nǹkan bí ìdajì wọn ti kú. Tisquantum, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ló kọ́ àwọn tó kù láti máa fi ẹja sí ìdí àgbàdo bí ajílẹ̀. Nígbà ìkórè 1621, wọ́n ṣe àsè ọjọ́ mẹ́ta. Massasoit, olórí àwọn Wampanoag, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, mú nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọkùnrin wá, wọ́n sì pa àgbọ̀nrín márùn-ún kún oúnjẹ. Edward Winslow tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà: ó ní wọ́n pa ẹyẹ, kò dárúkọ tòlótòló. Kò sí pòtétò níbẹ̀, kò sì sí páì.

Ìgbà tí ogun abẹ́lé ń jà, ní 1863, ni Ààrẹ Lincoln kéde ọjọ́ náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn tí Sarah Josepha Hale, olóòtú ìwé ìròyìn, ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un láti ọdún pípẹ́. Òfin 1941 ló so ó mọ́ Ọjọ́bọ̀ kẹrin. Ó yẹ ká sọ èyí náà: láti 1970 ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń péjọ sí Plymouth lọ́jọ́ yẹn gan-an láti ṣọ̀fọ̀, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn àti àwọn èèyàn wọn tó ṣègbé.

Tòlótòló ni olórí oúnjẹ lónìí, òun ló sì ń dójú ti alásè jù. Láti inú fírísà ló ti ń wá, ó le bí òkúta. Kìlò méjì méjì ń gba odindi ọjọ́ kan nínú fìríìjì kí yìnyín tó yọ́. Bí tiyín bá jẹ́ kìlò mẹ́fà, Ọjọ́ Ajé ni kó ti wọ fìríìjì. Alẹ́ Ọjọ́rú ti pẹ́ jù. Ẹ má sọ èyí tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀ sínú òróró gbígbóná: omi á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, òróró á hó dànù sórí iná, ilé á gbiná.

Nínú oven tó gbóná dé 163°C, tòlótòló kìlò mẹ́fà yẹn yóò gba bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́ta ààbọ̀. Àyà rẹ̀ máa ń gbẹ kí itan tó jinná, nítorí náà ẹ fi fọ́ìlì bo àyà bó bá ti ń pọ́n. Ẹ ki thermometer bọ ibi tó nípọn jù ní itan, kó má kan egungun; 74°C ló jinná. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo omi ara rẹ̀ á ṣàn sórí pátákó.

Búrẹ́dì gbígbẹ tí wọ́n pò mọ́ àlùbọ́sà àti omi ẹran, pòtétò gígún, ọ̀dùnkún àti páì elégédé ló ń tẹ̀ lé e. Nílé ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà níbẹ̀, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kì í gbẹ́yìn.

Ọbẹ̀ cranberry, èso pupa wẹ́wẹ́ kan tó kan, ló rọrùn jù: gíráàmù 340 èso náà, ife ṣúgà kan, ife omi kan. Ẹ sè é bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, títí èso á fi máa bẹ́ nínú ìkòkò. Yóò ṣì máa ṣàn bí ògì nígbà náà. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe ń tutù ni yóò máa dì. Ẹni tó bá ń sè é lọ pé kó ki, bó bá tutù tán, ọ̀bẹ ni yóò fi gé e.