Update tí ò wọlé mọ́ lórí ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́

Ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ ni èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti ṣíwọ́ lórí ẹ̀, tàbí tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣíwọ́, irú Windows XP, Windows 7, àwọn macOS àtijọ́, tàbí Ubuntu (irú Linux kan) tí ọjọ́ ẹ̀ ti pé. Update, tí àwọn míì ń pè ní ìmúdójúìwọ̀n, ni àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ náà máa ń fi ránṣẹ́ látorí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n fi dí ihò tí ọ̀daràn lè gbà wọlé, tàbí kí wọ́n fi tún ohun tí ò ṣiṣẹ́ dáadáa ṣe. Tí kọ̀ǹpútà bá ti dàgbà, update ẹ̀ a máa ṣagídí: á máa wá update láàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, á gbé nọ́ńbà àṣìṣe kan síta, tàbí á ní òun ti rí gbogbo ẹ̀ gbà, bẹ́ẹ̀ kò rí ẹyọ kan gbà. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn èèyàn ni pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í nu gbogbo ẹ̀ dànù kó lè tún ètò ìṣiṣẹ́ gbé sórí ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kọ̀ǹpútà ò bàjẹ́ rárá, òun àti sáfà (server), ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń fi update ránṣẹ́, ni ò gbọ́ ara wọn yé mọ́, torí sáfà ti kọ́ èdè tuntun, kọ̀ǹpútà ò sì tíì kọ́ ọ.

Ṣé update tí à ń wá ṣì wà?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi ọjọ́ méjì mẹ́ta wá ohun tí wọn ò ṣe mọ́. Microsoft dá update Windows XP dúró ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, ti Vista tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2017. Ti Windows 7 parí ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn iléeṣẹ́ tó san owó àfikún ló ń rí i gbà títí di oṣù kìíní ọdún 2023, oṣù yẹn kan náà ni Windows 8.1 náà parí. Windows 10 ní tiẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ọjọ́ ẹ̀ pé, àmọ́ ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún update àfikún tí wọ́n ń pè ní ESU á ṣì máa rí ti ààbò gbà di oṣù kẹwàá ọdún 2026. Nǹkan kan wà tó máa ń dí àwọn èèyàn lọ́wọ́ níbẹ̀ o: ẹ̀yà Windows 10 tó kẹ́yìn, tó ń jẹ́ 22H2, ló lè forúkọ sílẹ̀, ẹni tó bá ṣì wà lórí ẹ̀yà tó ṣáájú ẹ̀ ò ní rí ibi tó máa tẹ̀, á sì rò pé wọ́n yọ òun sílẹ̀ ni.

Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n bá ní ètò kan ti parí, ohun tó parí ni update tuntun, àwọn ti àtijọ́ tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ọjọ́ yẹn kì í tìtorí ẹ̀ pòórá. Ẹni tó bá gbé Windows 7 sórí kọ̀ǹpútà lónìí ṣì lè rí ọ̀pọ̀ update tí wọ́n ṣe títí dé oṣù kìíní ọdún 2020, wàhálà tó wà níbẹ̀ ni bó ṣe máa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Aago, ìwé ẹ̀rí àti ìbuwọ́lù

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kí kọ̀ǹpútà tó gba update kankan, ó máa kọ́kọ́ wò ó bóyá sáfà tó ń bá sọ̀rọ̀ ni ojúlówó, ìwé ẹ̀rí tí sáfà gbé wá ló fi ń mọ̀ ọ́n, ìwé ẹ̀rí yẹn sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Tí aago kọ̀ǹpútà bá wá sọ pé ọdún 2009 la wà, gbogbo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn á dà bí ayédèrú lójú ẹ̀, ó máa kọ̀ wọ́n, kò sì ní sọ pé aago ni, nọ́ńbà lásán ló máa gbé síta. Lórí Windows, 80072F8F ni nọ́ńbà tó sábà máa ń jáde tó bá jẹ́ aago tàbí ìwé ẹ̀rí ló fà á. Bátìrì kékeré kan tó rí roboto bíi kọ́ìnì, tí wọ́n ń pè ní CR2032, ló ń bá ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tọ́jú aago nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú iná, tí bátìrì yẹn bá kú, aago á máa padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yọ kọ̀ǹpútà kúrò nínú iná. Torí náà kéèyàn tó fọwọ́ kan nǹkan míì, kó wo ọjọ́, oṣù, ọdún àti àgbègbè aago. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, bẹ́ẹ̀ ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Tí aago bá pé tó sì ń kọ̀ síbẹ̀, ó lè jẹ́ pé àwọn ìwé ẹ̀rí ìpìlẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, tó fi ń dá ìwé ẹ̀rí sáfà mọ̀, ló ti gbó. Èyí ṣẹlẹ̀ ní gbangba ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí ìwé ẹ̀rí ìpìlẹ̀ kan tó ń jẹ́ DST Root CA X3 parí, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àti fóònù àtijọ́ ò sì lè ṣí àìmọye wẹ́ẹ̀bù tó ń lo ìwé ẹ̀rí Let's Encrypt, àjọ tó ń fún wẹ́ẹ̀bù ní ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́, mọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan wọn.

Ìbuwọ́lù tún yàtọ̀ sí ìyẹn. Gbogbo fáìlì update ló ní ìbuwọ́lù tó ń fi hàn pé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ló ti wá, tẹ́lẹ̀ ọ̀nà ìṣirò tó ń jẹ́ SHA-1 ni Microsoft ń lò fún un, ìgbà tí SHA-1 di ohun tí wọ́n lè ṣe ayédèrú ẹ̀ ni wọ́n kó lọ sórí SHA-2 lọ́dún 2019, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún 2020 wọ́n ti ẹnu ọ̀nà àtijọ́ tó ń lo SHA-1 pa. Windows 7 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí ẹ̀ látinú díìsìkì àtijọ́ ò mọ SHA-2, ó nílò update kó tó mọ̀ ọ́n, kò sì lè gba update torí kò mọ̀ ọ́n. Ẹyin ló ṣáájú ni àbí adìyẹ. Ọ̀nà àbáyọ ni kéèyàn lo kọ̀ǹpútà míì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kó wọ Microsoft Update Catalog, wẹ́ẹ̀bù tí Microsoft kó àwọn update sí, kó wa àwọn fáìlì náà sílẹ̀ (download), kó fi flash kó wọn wá. Service Pack 1, àkójọ update ńlá tí nọ́ńbà ẹ̀ ń jẹ́ KB976932 (KB ni Microsoft fi ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà update kọ̀ọ̀kan), ló máa ṣáájú, lẹ́yìn náà KB4490628, lẹ́yìn náà KB4474419, kó sì tún kọ̀ǹpútà tàn láàárín wọn. Tí èèyàn bá yí ètò yẹn po, á sọ pé update yìí ò bá kọ̀ǹpútà yìí mu, bẹ́ẹ̀ ó bá a mu, ipò ẹ̀ ni ò tíì kàn. Lójú ọ̀nà ti Windows Update fúnra ẹ̀, XP àti Vista ò ní irú àbáyọ yìí, fáìlì tí èèyàn bá fọwọ́ gbé sórí ẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ló kù fún wọn.

Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ni TLS, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà àti sáfà ń gbà bo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bára wọn sọ. Ọ̀pọ̀ sáfà ló ti kọ TLS 1.0 àti 1.1, 1.2 ni wọ́n fẹ́, Windows 7 ní 1.2 nínú ṣùgbọ́n apá kan nínú ẹ̀ ò lò ó títí dìgbà tí KB3140245 bá wọlé, tí wọ́n sì yí nǹkan díẹ̀ nínú registry, ibi tí Windows ń kọ àwọn ètò inú ẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń fa kí íntánẹ́ẹ̀tì dáa, kí wẹ́ẹ̀bù míì ṣí, kí update nìkan máa gé kúrò lójijì pẹ̀lú nọ́ńbà 80072EFE, nígbà tí 80072EE2 jẹ́ pé ó dúró títí kò gbọ́ èsì.

Nígbà tó bá ń wá a títí láì rí i

Èyí ò ní nọ́ńbà kankan, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ó ń wá a, fáànù ń ké, kọ̀ǹpútà ń gbóná. Láti ìparí ọdún 2013 ni àwọn tó ń lo Windows XP ti rí i dáadáa, iṣẹ́ inú Windows kan tó ń jẹ́ svchost.exe á gba gbogbo agbára kọ̀ǹpútà. Ohun tó fà á ni pé gbogbo update Internet Explorer tuntun ló ń rọ́pò èyí tó ṣáájú ẹ̀, èyí tó ṣáájú ẹ̀ náà ti rọ́pò òmíràn, okùn yẹn wá gùn débi pé kọ̀ǹpútà ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó lè sọ èyí tó kù. Windows 7 náà bọ́ sínú irú ẹ̀, KB3172605 ti oṣù keje ọdún 2016 ló mú kó yára. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kéèyàn yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò, kó gbé fáìlì yẹn sórí ẹ̀ lọ́wọ́, torí tí Windows Update bá ń wá nǹkan lọ́wọ́, fáìlì tí èèyàn fẹ́ gbé sórí ẹ̀ náà á tò sẹ́yìn ẹ̀ láti dúró.

Àwọn nǹkan míì tó yẹ ká yẹ̀ wò

Ààyè kọ́kọ́. Nọ́ńbà 0x80070070 túmọ̀ sí pé díìsìkì ti kún, kò sì yẹ kéèyàn fi wò ó bóyá update á ráyè wọ ibi tó ṣẹ́ kù, torí ó máa ń nílò ibi tó máa tú fáìlì sí kó tó gbé wọn sípò. 0x800F0922 náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ààyè, àmọ́ ti apá kékeré tó fara pamọ́ tí Windows fi ń bẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe ti drive C.

Tí fáìlì update tí kọ̀ǹpútà wà sílẹ̀ bá ti bàjẹ́ nígbà tó ń wà á, wọ́n máa dá iṣẹ́ update dúró, wọ́n á yí orúkọ fódà tó ń kó wọn pa mọ́ padà, Windows á wá ṣe òmíràn. Nínú Command Prompt, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, tí wọ́n ṣí gẹ́gẹ́ bí Administrator, wọ́n á kọ net stop wuauserv, wọ́n á kọ net stop bits, wọ́n á yí C:\Windows\SoftwareDistribution sí SoftwareDistribution.old, wọ́n á wá fi net start tan méjèèjì padà. Àkọsílẹ̀ àwọn update tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ á pa rẹ́ lójú èèyàn, àmọ́ àwọn update fúnra wọn ò kúrò. Tó bá jẹ́ pé fáìlì Windows gan-an ló ti bàjẹ́, àṣẹ sfc /scannow ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, láti Windows 8 sókè irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ DISM wà tó lè gba fáìlì tó dáa padà látọ̀dọ̀ Microsoft, Windows 7 ní tiẹ̀ ń lo KB947821.

Ó dá èmi tó ń kọ èyí lójú pé kò sí ìkankan nínú gbogbo ìyẹn tó yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ láì tíì ṣe ẹ̀dà fáìlì ẹ̀ síbòmíì. Díìsìkì tó ti lo ọdún mẹ́wàá ò lẹ́rìí pé yóò rí ọ̀la, iṣẹ́ tó pọ̀ tí update máa ń gbé lé e lórí sì lè jẹ́ èyí tó máa gbẹ̀yìn ẹ̀.

Mac àti Linux

Lórí Mac, aago àti ìwé ẹ̀rí náà ni. Àwọn ẹ̀dà Install macOS kan, fáìlì tí wọ́n fi ń gbé macOS sórí Mac, tí èèyàn ti wà sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2019 bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ìwé ẹ̀rí tó wà nínú wọn ló parí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀dà tuntun tí Apple gbé jáde ló dáa jù. Tí ìyẹn ò bá ṣeé rí, wọ́n máa ń pa Wi-Fi, wọ́n á ṣí Terminal, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Mac, wọ́n á dá ọjọ́ padà sígbà tí ìwé ẹ̀rí ṣì ń ṣiṣẹ́, tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á tún un ṣe, torí Mac tó ń rìn pẹ̀lú ọjọ́ àtijọ́ ò ní lè ṣí wẹ́ẹ̀bù kankan dáadáa.

Linux rọrùn ju gbogbo wọn lọ, torí kò sẹ́ni tó kó fáìlì update àtijọ́ dànù, wọ́n kó wọn lọ síbòmíì ni. Ubuntu tí kì í ṣe LTS, ìyẹn ẹ̀yà tí wọ́n ń tọ́jú fún ọdún púpọ̀, oṣù 9 péré ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, lẹ́yìn náà apt, irinṣẹ́ tó ń gba update fún un, á máa sọ 404 Not Found, ohun tí wọ́n á ṣe ni pé kí wọ́n yí àdírẹ́sì inú sources.list sí old-releases.ubuntu.com. Ti Debian àti CentOS, irú Linux méjì míì, wà ní archive.debian.org àti vault.centos.org, ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2024 sì ni CentOS 7 parí. Debian àtijọ́ tún lè sọ pé fáìlì Release ti kọjá ọjọ́, wọ́n sì ní ètò kan tó ń jẹ́ Acquire::Check-Valid-Until tí wọ́n lè yí sí false, ìgbà tí wọ́n bá ń mú nǹkan látinú ibi ìpamọ́ àtijọ́ yẹn nìkan ló yẹ kí wọ́n lò ó.

Tí update ò bá sí mọ́ rárá

Bí gbogbo update tó wà bá ti wọlé tán, ihò tí wọ́n bá rí lẹ́yìn ìgbà náà ò ní dí mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2017 ni Microsoft gbé update kan tó ń jẹ́ MS17-010 jáde láti dí ihò kan fáwọn Windows tí wọ́n ṣì ń tọ́jú, ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ni WannaCry, fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kan, gba inú ihò yẹn wọlé, ó sì ti fáìlì àìmọye kọ̀ǹpútà pa káàkiri ayé kó lè gba owó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Windows 7 tí wọn ò fi update yẹn sí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó sí i lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Microsoft fi update kan ránṣẹ́ sí XP, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ti ní àwọn ti parí pẹ̀lú ẹ̀, KB4012598 ni nọ́ńbà ẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì gbọ́dọ̀ lo irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, bóyá torí ẹ̀rọ kan tó so mọ́ ọn tí ò gba ètò míì, kó yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó máa fi flash tí wọ́n ti yẹ̀ wò gbé fáìlì wọlé. Tí kò bá lè yọ ọ́, kó mọ̀ pé Chrome 109 ló gbẹ̀yìn lórí Windows 7 àti 8.1, Firefox 115 ESR (ESR ni ẹ̀yà tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́) náà ló sì gbẹ̀yìn lórí wọn, ti XP àti Vista ni Firefox 52 ESR. Kọ̀ǹpútà tí Windows 11 kọ̀ torí kò ní TPM 2.0, ẹ̀rọ ààbò kékeré kan tó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà, sábà máa ń gba Linux tuntun láìjanpata, kéèyàn sì kọ́kọ́ tan Linux yẹn látorí flash, kó wo Wi-Fi, ohùn àti ìtẹ̀wé, kó tó fọwọ́ kan díìsìkì.