Kámẹ́rà Ló Ya Fọ́tò, Àmọ́ Ta Ló Wò Ó Kó Tó Di Fáìnì?

Lọ́dún 2021, ní ìlú Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin kan ń fẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ ẹ̀ lójú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì. Wọ́n kọ KNITTER gàdàgbà sáyà aṣọ tó wọ̀, okùn báàgì ẹ̀ sì gba orí ọ̀rọ̀ yẹn kọjá. Kámẹ́rà ibẹ̀ rí i, ó kà á, ó ní nọ́ńbà mọ́tò ni, KN19 TER. Kò bi ẹnikẹ́ni o, ó wá orúkọ ẹni tó ni mọ́tò yẹn jáde, ni ìwé fáìnì bá wọlé tọ tọkọtaya kan ní Dorking, nǹkan bí 120 máìlì sí Bath, pé mọ́tò wọn gba ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ọ̀rẹ́ wọn kan ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tí wọ́n pe kánsù, táwọn yẹn wo fọ́tò, wọ́n fagi lé e.

Gbogbo èèyàn fi rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín yẹn. Èmi ni mo máa ń jókòó wo fọ́tò tí kámẹ́rà ojú títì yà, kí n ní ó tọ́ tàbí kò tọ́, kí ìwé tó jáde. Ṣé ẹ̀rọ ṣi nọ́ńbà kà? Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, ojoojúmọ́ ló ń ṣì í kà. Ohun tó ká mi lára ni pé ẹni tó wà nínú fọ́tò yẹn, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn! Ọmọ ọdún mẹ́fà tẹ́ ẹ bá fi hàn á sọ fún yín pé èèyàn nìyí, mọ́tò kọ́. Síbẹ̀ ìwé jáde, ó gba póòsì, ó dé ilé onílé.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kámẹ́rà yìí ò mọ ohun tó ń jẹ́ mọ́tò. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé kó máa wá ibi tí lẹ́tà àti nọ́ńbà bá tò sí lórí ìlà kan, tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ sí ẹ̀yìn wọn, tó bá rí i á gé ibẹ̀ jáde, á kà á níkọ̀ọ̀kan, á sì fún kíkà náà ní máàkì, bó ṣe dá a lójú tó. Tí máàkì yẹn bá ga ju ibi tí wọ́n fàlà sí, ó kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń wá orúkọ ẹni tó ni mọ́tò. Ibi tí wọ́n fàlà sí yẹn, èèyàn ló pinnu ẹ̀, owó sì wà nínú ìpinnu yẹn, torí tí wọ́n bá gbé ààlà sókè, fọ́tò tí èèyàn máa fojú ara ẹ̀ wò á pọ̀ sí i, èèyàn sì ń gba owó oṣù.

Àwọn tó sábà máa ń dà á láàmú, B àti 8, O àti 0, I àti 1, S àti 5. Àwọn tó kọ ètò kọ̀ǹpútà náà máa ń fi ìlànà nọ́ńbà orílẹ̀-èdè ràn án lọ́wọ́. Bíi ti Nàìjíríà báyìí, lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta, lẹ́tà méjì, torí náà tó bá rí O láàárín, ó mọ̀ pé 0 ló yẹ kó jẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ D àti O ńkọ́, tí lẹ́tà ni méjèèjì? 3 àti 8 ńkọ́? Kò sí ìlànà tó lè gbà á sílẹ̀ níbẹ̀, pàápàá tí ẹrẹ̀ bá ti bo plétì, tàbí tí mẹkáníìkì lu nọ́ọ̀tì mọ́ àárín lẹ́tà, tàbí ọ̀dà ara ẹ̀ ti ṣí bíi ti ọ̀pọ̀ dáńfó.

Àwọn èèyàn á ní ṣebí ẹ̀rọ náà ń gba 99 nínú 100. Ẹ gbọ́ ná. Ká ní títì kan wà tí 50,000 mọ́tò ń gbà lójúmọ́, ọ̀kan nínú 100 jẹ́ 500. Kì í ṣe gbogbo 500 yẹn ló máa di fáìnì o, torí ọ̀pọ̀ wọn ò ṣẹ̀ rárá, àmọ́ ẹ fi oṣù kan rò ó, kẹ́ ẹ wá fi gbogbo kámẹ́rà tó wà nínú ìlú kan rò ó.

Ti kámẹ́rà tó ń mú àwọn tó ń sáré, ọ̀ràn ẹ̀ tún yàtọ̀. Èyí tó ń lo rédà máa ń ju ìgbì sí mọ́tò, ìgbì á padà, á fi ìyẹn mọ eré tó ń sá. Tí tírélà ńlá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò kékeré, ìgbì lè bá ara tírélà padà kó sì di ọ̀ràn sí mọ́tò kékeré lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi máa ń ya fọ́tò méjì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ti lè rí àwọn ìlà funfun kéékèèké tí wọ́n kùn sójú títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, a mọ bí ìlà kan ṣe jìnnà sí èkejì, fọ́tò méjèèjì sì máa ń fi ìdajì sẹ́kọ́ǹdì jìn síra, torí náà èèyàn lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣírò bóyá rédà parọ́. Mọ́tò tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan á ti lọ mítà 8 àti díẹ̀ láàárín ìdajì sẹ́kọ́ǹdì. Tí fọ́tò kejì bá fi hàn pé mítà 4 péré ló lọ, eré ẹ̀ ò tiẹ̀ tó 30, ohun yòówù kí rédà kọ sílẹ̀. Ìṣírò yìí ò ju ti ọmọ sẹ́kọ́ńdírì lọ, ó kàn ń fẹ́ kẹ́nì kan jókòó ṣe é ni.

Ní Baltimore, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2012, kámẹ́rà fún ẹnì kan ní tíkẹ́ẹ̀tì dọ́là 40 pé ó ń sá 38 máìlì ní wákàtí kan níbi tí eré ò ti gbọ́dọ̀ ju 25 lọ, bẹ́ẹ̀ iná pupa ló dá a dúró, fọ́tò méjèèjì fi hàn gbangba pé mọ́tò náà ò kúrò lójú kan! Ìwé ìròyìn Baltimore Sun ló tú àṣírí yẹn. Àyẹ̀wò tí ìlú náà san owó fún wá fi hàn pé àṣìṣe wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì tó lé ní 10 nínú 100, ìlú náà sì pa àwọn kámẹ́rà ọ̀hún lọ́dún 2013. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni pé òfin Maryland, ìpínlẹ̀ tí Baltimore wà, ò ní kí ẹ̀rọ dá ṣe é o, òfin ní ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ wò ó kó sì buwọ́ lù ú. Ọlọ́pàá sì buwọ́ lù ú lóòótọ́. Ní ìlú kan náà yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011, nǹkan bíi 2,000 tíkẹ́ẹ̀tì iná pupa ló jáde pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé ọlọ́pàá kan tó ti kú lọ́dún 2010. Òkú ń buwọ́ lùwé. Ẹ wá sọ fún mi pé èèyàn yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn, torí gbogbo ìgbà tí àríwísí bá dé, ohun tí ìjọba àti ilé-iṣẹ́ máa ń sọ ni pé "kò burú, èèyàn máa ń wò ó kó tó jáde." Ní Netherlands, kámẹ́rà kan tó ń wá àwọn tó ń di fóònù mú nídìí ọkọ̀ ya ọkùnrin kan, ó di yúrò 380. Nígbà tó rí fọ́tò, orí ẹ̀ ló ń fọwọ́ họ, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀. Ibẹ̀ náà, ẹ̀rọ ló ṣa fọ́tò, ọlọ́pàá ló fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ ti sọ fún ọlọ́pàá yẹn pé fóònù nìyí, ojú ẹ̀ sì bá a rí fóònù. Ojú èèyàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú, tí wọ́n bá ti sọ ohun tó wà nínú àwòrán fún wa ká tó wò ó, a ò ní pẹ́ rí i. Tí fọ́tò bá wá pọ̀ lọ jàra, tí wọ́n fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀gá sì ń ka iye tẹ́ ẹ ṣe lóòjọ́, ìka á kàn máa tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" lọ ni.

Ní tèmi o, àyẹ̀wò tó bá máa jẹ́ àyẹ̀wò, kí wọ́n fi ohun tí ẹ̀rọ kà pa mọ́ fún ẹni tó ń wò ó. Kí n wo fọ́tò, kí n tẹ nọ́ńbà tí ojú mi rí, tí tèmi àti ti ẹ̀rọ ò bá dọ́gba, kí ìwé yẹn má jáde. Kí irú mọ́tò àti àwọ̀ ẹ̀ tó wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba wà níwájú mi, torí tí fọ́tò bá jẹ́ Toyota dúdú tí ìwé ní Ford funfun ni, kí la tún ń wá, ẹ̀rọ ṣì í kà tàbí kẹ́nì kan ti ṣe ayédèrú plétì. Kí n lè fagi lé e láì kọ lẹ́tà àlàyé sí ọ̀gá mẹ́ta. Kí ilé-iṣẹ́ tó ni kámẹ́rà má sì máa gba ìpín lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, bó ṣe rí ní Baltimore nìyẹn, ta ni yóò máa wá àṣìṣe tó ń pa owó fún un? Kí ẹni tó ń wò ó sì rí fídíò, kó má jẹ́ fọ́tò kan péré, torí ẹni tó yà fún áńbúláǹsì wọ ọ̀nà bọ́ọ̀sì, nínú fọ́tò arúfin ni, inú fídíò lẹ ti máa rí áńbúláǹsì lẹ́yìn ẹ̀.

Nígbà míì sì rèé, kámẹ́rà ò jẹ̀bi rárá. Ní Chicago, iná yẹ́lò gbọ́dọ̀ tó sẹ́kọ́ǹdì 3, lọ́dún 2014 ni ọ̀gá olùṣàyẹ̀wò ìlú náà sọ ọ́ síta pé 77,000 tíkẹ́ẹ̀tì ti jáde níbi tí iná ò ti pé sẹ́kọ́ǹdì 3, owó ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là 7.7. Fọ́tò tọ́, nọ́ńbà tọ́, iná ló kúrú.

Ẹ má gbọ́ mi lódì o, mi ò ní kí wọ́n yọ kámẹ́rà. Eré àsápajúdé ń pa èèyàn, kámẹ́rà kì í sì í gba rìbá, kì í bá dírẹ́bà wọ mọ́tò kó máa fa sítíárì mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹni tó bá ti wakọ̀ l'Ékòó rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ní Èkó náà kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà mọ́tò ti wà lójú títì, fáìnì sì ń wọlé sórí fóònù. Wàhálà tiwa níbẹ̀ ni pé plétì tó wà lára mọ́tò àti orúkọ tó wà nínú ìwé máa ń jẹ́ ti ẹni méjì. Ẹ ta mọ́tò, ẹni tó rà á ò yí ìwé padà sí orúkọ ẹ̀, nọ́ńbà fóònù yín ló ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó máa gba fáìnì mọ́tò tẹ́ ò rí láti ọdún méjì. Ẹ má kàn fi lẹ́tà ìtajà pa mọ́ sínú àpótí, ẹ rí i pé ìwé yí padà. Tí fáìnì bá wá dé láì sí fọ́tò, ẹ béèrè fọ́tò. Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu yín, fáìnì orí fóònù ò sì yọ yín kúrò nínú ẹ̀tọ́ yẹn. Ẹ má sì tẹ línkì kankan nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ o, àwọn gbájú-ẹ̀ ti wà nídìí ẹ̀. Ẹ fọwọ́ ara yín wá ojúlé ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú ọba, ọ̀nà méjì ni, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Èyí tí ọlọ́pàá fi ránṣẹ́ torí eré sísá, ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mọ́tò wà lórúkọ ẹ̀ láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀, torí náà ẹ tọ́jú àpòòwé ẹ̀, ọjọ́ wà lára ẹ̀. Ẹ̀yin náà ní ọjọ́ 28 láti sọ ẹni tó wakọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kódà kó jẹ́ pé ẹ ò dé ìlú yẹn rí láyé yín, ẹ dáhùn, ẹ kọ ọ́ pé mọ́tò yín kọ́, torí ẹni tó dákẹ́ lè gba póìǹtì 6, ìyẹn máàkì ìjìyà, sórí láísẹ́ǹsì àti fáìnì tó lè tó pọ́n-ùn 1,000, èyí tó sábà máa ń le ju ìyà eré sísá gan-an lọ. Èyí tí kánsù fi ránṣẹ́ torí ọ̀nà bọ́ọ̀sì tàbí ibi tí wọn ò gbà ká yà sí, ìdajì owó lẹ ó san tẹ́ ẹ bá tètè san án, ìdajì yẹn ló sì máa ń tan àwọn èèyàn wa, wọ́n á ní "jẹ́ n san án kí n simi." Tẹ́ ẹ bá ti san án, ẹjọ́ ti parí nìyẹn, ẹ ò lè padà wá jà á.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ wo fọ́tò lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn, ẹ fẹ̀ ẹ́, ẹ ka nọ́ńbà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ wo àwọ̀, ẹ wo iná ẹ̀yìn mọ́tò, ẹ wo bóyá ibi tí mọ́tò yín ha wà níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò mọ́tò tiyín náà mọ́ ọn. Rísíìtì epo, ìwé ibiṣẹ́ tó fi hàn pé ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò yẹn, gbogbo ẹ̀ ló wúlò. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń lo nọ́ńbà yín lára mọ́tò tiẹ̀, ẹ sọ fún ọlọ́pàá àti DVLA, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ mọ́tò níbẹ̀, kẹ́ ẹ so nọ́ńbà ẹ̀sùn tí ọlọ́pàá bá fún yín mọ́ lẹ́tà yín. Ẹ má bú wọn nínú lẹ́tà náà, èèyàn bíi tèmi ló máa kà á.

Tí kánsù bá kọ̀, London Tribunals wà fún Lọ́ńdọ̀nù, Traffic Penalty Tribunal wà fún ibi tó kù ní England àti Wales, ọ̀fẹ́ ni, adájọ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ kánsù. Tí wọ́n bá sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé "òṣìṣẹ́ wa ti yẹ fọ́tò náà wò," ẹ kọ̀wé padà, ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ àti àkókò tó wò ó, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ ti fi nọ́ńbà hàn án kó tó wò ó, ẹ bi wọ́n irú mọ́tò tó rí nínú fọ́tò. Kẹ́ ẹ so ìdáhùn wọn, tàbí ìwé yín tí wọn ò dáhùn, mọ́ ohun tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí adájọ́.