Àjà Ilé Ti Jẹ Nínú Ìgbóná Tí Wáyà Yín Lè Gbà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn onílé máa ń sọ fún mi bí ẹni pé wọ́n ti borí mi: "Ẹnjiníà, ẹ wò ó, 70 ni wọ́n kọ sára wáyà yìí, oòrùn Ìbàdàn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé 40. Kí ló wá ń já yín láyà?" Àwọn mìíràn ti ra èyí tí wọ́n kọ 90 sí lára, wọ́n sì gbà pé kò sí ẹrù tí àwọn kò lè dì lé e. Ẹni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ti rí nọ́ńbà, ṣùgbọ́n kò béèrè ohun tí wọ́n ń fi nọ́ńbà náà wọ̀n.

70°C náà kì í ṣe ti oòrùn. Ìgbóná bàbà tí ó wà nínú ròbá ni, èyí tí kò gbọdọ̀ kọjá nígbà tí iná bá ń gba inú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, bí a bá fẹ́ kí ròbá PVC tí ó bo bàbà náà pẹ́. Ọ̀nà méjì ni ìgbóná yìí ń gbà wá: ooru ibi tí wáyà wà, àti ooru tí iná fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ bí ó ti ń kọjá. Èyí èkejì kò lójú àánú rárá, nítorí pé bí iná tí ń kọjá bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ooru rẹ̀ ń dà. Ìwé ìlànà wáyà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BS 7671, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kọ́ṣẹ́ dáadáa ní Nàìjíríà ń lò, fi 30°C ṣe ooru àyíká wáyà, nítorí náà 40 ló kù fún iná láti lò. Lórí ìṣirò yẹn ni wọ́n ti sọ pé wáyà 2.5 (nọ́ńbà yẹn ni bí bàbà rẹ̀ ṣe nípọn tó) tí ó wà nínú páìpù lára ògiri lè gbé áńpíà 24, áńpíà sì ni a fi ń wọn iná tí ń kọjá.

Ta ló wá sọ fún yín pé 30 ni àjà ilé yín? Mo ti gbé tẹmómítà sábẹ́ páànù ní oṣù Ẹrẹ́nà, ní agogo méjì ọ̀sán, mo sì rí i tí ó kọjá 50. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gba wáyà ilé wa kọjá, nítorí pé ó rọ oníṣẹ́ lọ́rùn láti na páìpù sórí pákó àjà ju kí ó gbẹ́ ògiri lọ. Bí àyíká bá ti jẹ́ 50, 20 péré ló kù kí bàbà tó dé 70. Wáyà náà wá dà bí alábàárù tí àpò ìrẹsì kan ti wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó pè é, tí ẹ sì ń bínú pé kò lè gbé ti yín bó ṣe yẹ.

Ìdajì ooru kì í ṣe ìdajì iná, nítorí ìlọ́po tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ìwé náà ní kí a fi sọ 24 di púpọ̀ nínú ooru 50 ni 0.71, èyí tí ó já sí áńpíà 17. Bí oníṣẹ́ yín bá tún ki wáyà ọ̀nà mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bírékà tirẹ̀, sínú páìpù kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni wọ́n á máa yá ara wọn ní ooru, ìwé náà sì ní kí a tún fi 0.70 sọ ọ́ di púpọ̀. Áńpíà 12 ló kù. Hítà omi ilé ìwẹ̀ tí ó jẹ́ kílówáàtì 3 nìkan ń mu 13. A kò tíì dárúkọ éèsì o, a kò tíì dárúkọ áyọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ta wáyà náà fún yín fi gbogbo ẹnu sọ pé kò sóhun tí 2.5 kò lè gbé nínú ilé.

Bírékà kò lè gbà yín lọ́wọ́ èyí. Iná tí ń kọjá ló ń kà, kò mọ ooru tí ó wà nínú àjà. Bírékà 20 á dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí wáyà tí kò yẹ kí ó gbé ju 12 lọ ń gbé 19. Wáyà náà kò sì ní gbiná lọ́jọ́ náà, èyí ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Òdiwọ̀n tí àwa oníṣẹ́ ń lò, bí kò tilẹ̀ pé géérégé, ni pé bí ròbá bá fi bíi 10°C kọjá ààlà rẹ̀, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí ìdajì. Òróró tí ó mú un rọ̀ á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, á le, á sán, títí bàbà méjì á fi fojú kan ara wọn.

Mo mọ ilé kan tí bírékà 20 rẹ̀ ń já ní alaalẹ́, tí wọ́n bá ti lo hítà, éèsì 1.5 àti áyọ́ọ̀nù pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n pe ọmọkùnrin kan tí ó fojú kọ́ṣẹ́. Ó yọ 20, ó fi 32 sí i, kò yẹ wáyà wò, ó gba owó, gbogbo ilé sì yìn ín nítorí pé bírékà kò já mọ́. Iná tí ń gba inú wáyà 2.5 náà kò dín ní bíi áńpíà 24. Nínú páìpù tí ọ̀nà mẹ́ta ti kún bákan náà, kódà kí àjà ti tutù dé 40, ìgbóná bàbà á kọjá 100, èyí tí omi fi ń hó.

Láìpẹ́ ni òórùn bíi ti ẹja tí ó jóná bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú àjà jáde lálẹ́. Dípò kí wọ́n pa iná, ìyáálé ilé ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà wọ́n pe wòlíì, ẹni tí ó da òróró sí ìdí mítà, tí ó sì ní kí wọ́n gbààwẹ̀. Àárín ààwẹ̀ náà ni wọ́n mú iná àdúgbò lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, òórùn náà sì dáwọ́ dúró, ni wọ́n bá dúpẹ́ pé àdúrà ti gbà. Iná padà dé, òórùn padà dé, àti àjà àti páànù iyàrá méjì sì jóná kí àwọn aládùúgbò tó bá wọn pa á. Nígbà tí wọ́n wá pè mí, ròbá wáyà tí iná kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń já wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, ìsopọ̀ kan sì wà tí ọmọkùnrin yẹn fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì wé. N kò bá wòlíì jà. Ẹni tí ó fi bírékà 32 sórí wáyà 2.5 ni inú ń bí mi sí.

Ní ti wáyà 90, XLPE ni ròbá rẹ̀, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì àti bírékà ni ẹnu rẹ̀ ń parí sí, 70 ni wọ́n sì ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn wọ̀nyẹn fún. Bí ẹ bá di ẹrù lé e títí bàbà fi dé 90, ooru náà á rìn tọ ibi tí wọ́n ti dè é, ibẹ̀ ni yóò sì ti jó. Wáyà NM-B tí àwọn ọmọ yín ń rà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà jẹ́ 90, síbẹ̀ òfin wáyà àwọn ará ibẹ̀ kò gbà kí iná inú rẹ̀ ju ti wáyà 60 lọ. Àǹfààní tí ó wà nínú 90 ni pé ó lè fara da àjà wa. Bí ẹ bá sì ń rà á, ẹ fi ọ̀bẹ ha bàbà rẹ̀ wò. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ní bàbà ni, ẹ dá a padà.

Ohun tí mo máa ń ṣe fún hítà ni pé mo ń fún un ní páìpù tirẹ̀, wáyà 4 àti bírékà 20, mi ò sì jẹ́ kí ohun mìíràn bá a jẹun níbẹ̀. Níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, ara ògiri ni mo ń gbà. Bí bírékà yín bá ń já, ẹ dín ẹrù kù, kí ẹ sì pe ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ààbò iṣẹ́ iná, kí ó wá yẹ wáyà wò. Bí ẹ bá sì gbóòórùn nínú àjà, ẹ pa iná láti orísun kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Bí èmi lẹ bá pè, ìdájí ni mo máa ń wá, nítorí pé bí ó bá ti di ọ̀sán, n kì í gun inú àjà yín.