Bí A Ṣe Ń Mọ Ẹ̀rọ Àwo Orin Àtijọ́ Tó Yẹ Kó Dúró Nílé

Ẹni tó bá fẹ́ràn àwo orin kì í pẹ́ tí ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ ọ yóò fi di méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tó sì jẹ́ pé ihò kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ańpilifáyà ní fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ní láti dúró, kí àwọn yòókù sì lọ. Orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ àti bí pákó rẹ̀ ṣe ń dán ló sábà máa ń tan ènìyàn jẹ nínú yíyàn yìí. Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ni ẹ̀yà tó ṣeé pààrọ̀ bó bá bàjẹ́, àti èyí tó jẹ́ pé bó bá ti lọ, ẹ̀rọ náà ti bá a lọ nìyẹn.

Poro tóóró kan ṣoṣo ló wà lójú àwo orin, tó ń lọ́ láti etí wọ àárín bí ìkarahun ìgbín. Lára ògiri méjèèjì poro yìí ni a kọ orin sí: nínú àwo sítẹ́ríò, ògiri ti inú ló gbé ohùn ọwọ́ òsì, ti òde ló sì gbé ohùn ọwọ́ ọ̀tún. Abẹ́rẹ́ dáyámọ́ǹdì ń gba àárín wọn kọjá, ó ń gbọ̀n bí ògiri bá ṣe rí, òòfà àti wáyà tó wà nínú orí abẹ́rẹ́ sì ń sọ gbígbọ̀n náà di iná. Iná ọ̀hún kéré gan-an, bí ìdá 5 nínú 1,000 fóltì kan ni, ańpilifáyà sì ní láti sọ ọ́ di ńlá lọ́pọ̀ ìgbà kó tó lè mi sípíkà. Nítorí náà, gbogbo ohun tó bá mi abẹ́rẹ́ ni yóò di ńlá pẹ̀lú orin, nítorí abẹ́rẹ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín gbígbọ̀n ìlù àti gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà yí àtẹ tí àwo ń jókòó lé. Nínú àwọn bíi Garrard 301 àti Lenco L75, kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan ló há sáàárín ọ̀pá ẹ́ńjìnnì àti àtẹ. Ó lágbára, àtẹ sì ń dé ìwọ̀n eré rẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n rọ́bà yìí náà ni afárá tí ariwo ẹ́ńjìnnì ń gbà dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́. Bí a bá pa ẹ̀rọ náà tì fún ọdún púpọ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ náà ní fífún mọ́ ojú kan, ojú ibẹ̀ á tẹ́, á sì máa dún gbì, gbì lábẹ́ orin. Ọ̀nà kejì ni ti bẹ́líìtì, irú èyí tí ilé iṣẹ́ AR (Acoustic Research) gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1961, tí àtẹ àti apá tó gbé abẹ́rẹ́ jọ wà lórí sípíríǹgì kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì má bàa dé ibẹ̀. Bẹ́líìtì a máa fà, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ tó kọ̀ láti yí nítorí bẹ́líìtì kò tíì bàjẹ́ rárá. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí àtẹ tààrà láìsí rọ́bà láàárín, bíi Technics SL-1200 ti 1972. Ìyẹn kì í tètè gbó, àmọ́ bí ẹ̀yà kékeré tó ń darí eré rẹ̀ bá jóná, ó lè jẹ́ inú òkú ẹ̀rọ irú rẹ̀ nìkan ni a ti máa rí òmíràn.

Ọ̀nà rírọrùn kan wà láti yẹ eré wò. Àwo tí ń yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan yóò yí ní ìgbà 100 gérégé ní ìṣẹ́jú 3, nítorí náà kí a lẹ bébà kékeré mọ́ etí rẹ̀, kí a sì kà á. Kí iye náà pé kò túmọ̀ sí pé eré náà dúró déédéé, nítorí náà ó dára kí a tún gbọ́ dùùrù tí ohùn rẹ̀ ń fà gùn: bí ohùn náà bá ń mì bí ẹni ń sunkún, eré kò dúró. Ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń tẹ̀lé iná 60 Hertz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) yóò yí bí ìgbà 28 péré lórí iná 50 Hertz. Ẹ̀rọ tó ń dín fóltì kù kò lè tún èyí ṣe. Orí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ni a ní láti pààrọ̀.

Apá tó gbé abẹ́rẹ́ ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ sí jù. Kí a yí òṣùwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀, irin tó ń mú kí apá dọ́gba, títí apá yóò fi léfòó gbọọrọ láìkan ohunkóhun, kí a sì fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i. Ó yẹ kó rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ láìha níbì kankan. Lẹ́yìn èyí, kí a di orí rẹ̀ mú jẹ́jẹ́, kí a mì ín díẹ̀: bí ó bá ń yẹ̀ lọ́wọ́, bẹ́árìn rẹ̀, ìyẹn ibi tí apá ti ń yí, ti tú tàbí ó ti tẹ̀, ìyẹn sì ṣòro láti tún ṣe ju gbogbo ohun tí a ti sọ lọ. Bákan náà ni kí a mi àtẹ fúnra rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Òróró tó gbẹ ṣeé fi òmíràn rọ́pò, irin tó ti gbó kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀.

Orí abẹ́rẹ́ kò yẹ kó darí yíyàn, nítorí a lè bọ́ ọ kúrò kí a sì fi òmíràn sí i, bó bá ṣáà ti bá ìwúwo apá mu. Àyàfi àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí abẹ́rẹ́ wọn ń tẹ àwo pẹ̀lú gíráàmù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìwúwo náà kò sì ṣeé dín kù lára apá wọn. Wọ́n ń jẹ ògiri poro, kò sì yẹ kí irú wọn dúró. Kí a tó dá ẹ̀rọ kankan lẹ́bi pé ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, kí a rí i pé ihò tí a ṣe fún àwo orin gan-an ni wáyà rẹ̀ wọ̀, nítorí ihò mìíràn kò ní dá ohùn ìsàlẹ̀ tí wọ́n dín kù nígbà tí wọ́n ń kọ àwo padà.

Bí méjì bá ṣì kù, kí a fi orí abẹ́rẹ́ kan náà àti àwo kan náà dán wọn wò. Bí etí kò bá rí ìyàtọ̀, èyí tí a ṣì ń ṣe ẹ̀yà rẹ̀ ni kó dúró. Kí èyí tó ń lọ tó kúrò nílé, kí a yọ àtẹ rẹ̀, kí a sì so apá rẹ̀ mọ́ ibi ìjókòó rẹ̀ dáadáa, nítorí ojú ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ bẹ́árìn ti ń tẹ̀.