Ọkàn, Ara àti Ẹlẹ́rìí: Ibi tí Ìlà-oòrùn àti Ìwọ̀-oòrùn ti Yàtọ̀ Gan-an

Ní gbogbo sáà ẹ̀kọ́ ni mo máa ń gbọ́ ọ, lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fìlọ́sọ́fì, lẹ́nu àwọn tó ń wá gbàmọ̀ràn, títí kan àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: "Sà, àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn ní ọpọlọ ni ọkàn, àwọn ará Ìlà-oòrùn ní ọkàn ni ohun gbogbo." Ìwọ̀-oòrùn tí wọ́n ń wí ni Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, Ìlà-oòrùn sì ni Éṣíà. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tó ti rí ìdí òkodoro. Irọ́ ni ní apá méjèèjì, irọ́ náà sì ti ń ṣe èèyàn léṣe.

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí ìmọ̀lára jẹ́. Ẹni tí eyín ti dùn rí ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí à ń bèèrè ni pé, ta ló ń mọ ìrora náà lára, ṣé ó sì yàtọ̀ sí ẹran ara tó ń dunni?

Ìlà-oòrùn kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ rí. Ní Íńdíà àtijọ́ ni àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì tí wọ́n ń pè ní Carvaka ti ń kéde pé èròjà ayé nìkan ló wà, pé inú rẹ̀ ni ìmọ̀lára ti ń jáde, bí agbára tí ń pa ni ṣe ń jáde nínú èròjà tí a pò di ọtí. Búdà ní kò sí "èmi" kan tó dúró gbáá nínú ènìyàn. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì Nyaya ní Íńdíà ní ó wà, wọ́n sì fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún bá àwọn ẹlẹ́sìn Búdà jiyàn lé e lórí. Ẹ wá wo òdìkejì. Ní 1739, David Hume, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Scotland, wo inú ara rẹ̀, kò rí "èmi" kankan, àfi ìdìpọ̀ ìmọ̀lára tó ń kọjá lọ, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. George Berkeley ti Áyálándì ti kọ ọ́ ní 1710 pé kò sí èròjà kankan lẹ́yìn ohun tí ọkàn ń rí. Vasubandhu, onímọ̀ ẹlẹ́sìn Búdà, sì ti sọ ohun tó jọ ọ́ ní Íńdíà ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ gidi wà o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí wọ́n ń wò ló wà. René Descartes, ará Faransé, pín ènìyàn sí méjì nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1641: ara ní apá kan, ọkàn ní apá kejì. Ìrònú, iyèméjì, ìfẹ́-inú, ìmọ̀lára, ọ̀dọ̀ ọkàn ló kó gbogbo wọn sí. Ní 1643, Elisabeth, ọmọ ọba Bohemia, kọ lẹ́tà sí i: báwo ni ọkàn tí kò gba àyè kankan ṣe ń ti ara tó fi ń rìn? Èsì Descartes kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìbéèrè yẹn kò sì tíì kúrò lọ́rùn wa títí dòní.

Àwọn Samkhya, ilé-ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì mìíràn ní Íńdíà, náà pín ènìyàn sí méjì, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni wọ́n fa ilà sí. Ní tiwọn, ìrònú wà ní apá èròjà ayé. Ìpinnu wà níbẹ̀. Kódà "èmi ni mo ṣe é" tí à ń fi yangàn wà níbẹ̀: èròjà tó fẹ́lẹ́ ni, ṣùgbọ́n orísun kan náà ni òun àti òkúta ti wá. Ohun tó kù ní apá kejì ni ẹlẹ́rìí, tí kì í ronú, tí kì í ṣe nǹkan kan, tó kàn ń wò. Ishvarakrishna, tó kó ẹ̀kọ́ wọn jọ sínú ewì, fi ìrẹ́pọ̀ àwọn méjèèjì wé ti arọ àti afọ́jú: ọ̀kan ń ríran, kò lè rìn, èkejì lè rìn, kò ríran. Shankara, àgbà onímọ̀ fìlọ́sọ́fì Íńdíà, bá Samkhya jà lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, síbẹ̀ kò yí ilà yìí padà: ní tirẹ̀ náà, ọkàn tó ń ronú kò ní ìmọ́lẹ̀ ti ara rẹ̀, ẹlẹ́rìí ló ń tàn sí i.

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Nígbà tí David Chalmers, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ìgbà tiwa, bèèrè ní 1995 pé kí ló dé tí gbogbo iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe kò fi máa lọ láìsí ìmọ̀lára kankan, ilà tó fà súnmọ́ ti Samkhya ju ti Descartes lọ: iṣẹ́ ọpọlọ wà ní apá kan, ìmọ̀lára nìkan ló kù ní apá kejì. Inú mi máa ń dùn nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fojú ara rẹ̀ rí èyí. Ìdí tí a fi ń ka ìwé àtijọ́ tán pátápátá nìyẹn, kò sì sí fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta tó lè fún yín ní irú rẹ̀.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá ìmọ́lẹ̀ Ìlà-oòrùn kò ka àwọn ìwé náà. Wọn kò mọ̀ pé Vasubandhu fúnra rẹ̀, nínú ìwé tó ní nǹkan bí ogún ẹsẹ, ṣàlàyé ìdí tí a kò fi lè rí ohun tó wù wá níbi tó wù wá. Wọ́n gbọ́ "ọkàn ni ohun gbogbo", wọ́n sọ ọ́ di ọjà: ẹ ro owó, owó á dé, ẹ kọ àìsàn lọ́kàn, àìsàn á lọ.

Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọlọ́pọlọ pípé, tó ń lo oògùn wárápá láti kékeré. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí sọ fún un pé wárápá kò sí, pé èrò "èmi" ló dè é mọ́lẹ̀, pé oògùn ń dí ojú inú rẹ̀. Ó pa oògùn tì. Ó ń fi òru jókòó ṣe àṣàrò dípò kó sùn, bẹ́ẹ̀ àìsùn máa ń jẹ́ kí wárápá tètè gbé ènìyàn. Orí àtẹ̀gùn ló ti gbé e ṣánlẹ̀. Eegun èjìká rẹ̀ ṣẹ́, orí rẹ̀ sì fara gbọgbẹ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ pè mí, kò pariwo. Ohun tó bi mí ni pé, "Olùkọ́, ṣé ohun tí ẹ ń kọ́ wọn nìyẹn?"

Rárá o, Mà. Ìlà-oòrùn gan-an kò kọ́ni bẹ́ẹ̀. Hakuin (1686–1769), àgbà olùkọ́ Zen, ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà kan, ní Jàpáánì, kọ ọ́ pé àṣejù nínú àṣàrò sọ òun di aláìsàn nígbà èwe òun, òun sì wá ìwòsàn lọ. Ní Íńdíà, ìwé ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Caraka Samhita gba ọ̀pọ̀ èrò Samkhya wọlé, ó sì sọ̀rọ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ lórí wárápá àti oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Kò sí ìtakora níbẹ̀. Bí ìrònú bá jẹ́ èròjà ayé, èròjà ayé lè bà á jẹ́, èròjà ayé sì lè tún un ṣe.

Ọmọ náà ti padà sídìí oògùn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ pa tiyín tì ní orúkọ ọgbọ́n Ìlà-oòrùn, ẹ bi í pé ilé-ẹ̀kọ́ wo ló sọ bẹ́ẹ̀, àti nínú ìwé wo.